Ìgbóbì fún Eegun, Yaba fún Iyè: Iṣan Inú Ọpọlọ Ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Òjúẹlẹ́gba tàbí ní Fádéyì, ẹ má bínú, ilé ò ní sá lọ. Ẹ bá mi sọ fún dírẹ́bà kó yí rédíò sókè díẹ̀.

Àwa ará Mainland Èkó ní àṣà kan tí a kì í fura sí. Lẹ́nu wa, àìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní àdúgbò tirẹ̀. Bírìkìlà já bọ́ láti orí àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí a ó gbé e lọ: Ìgbóbì ni. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀, láti ìgbà náà ni orúkọ Ìgbóbì ti di orúkọ eegun. Ọmọ kan ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, ó ń bọ́ aṣọ sílẹ̀, kíá, wọ́n á ní "ẹ gbé e lọ sí Yaba." Ilé ìtọ́jú tó wà ní Yaba yẹn ti wà láti 1907, ó dàgbà ju Nàìjíríà fúnra rẹ̀ lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ọmọbìnrin kan jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní Lawanson, ara rẹ̀ yá gágá láàárọ̀. Lójijì ó figbe ta, ó di orí mú, ó ní ó dà bíi pé ẹnìkan fi ọmọ odó gbá òun ní ìpàkọ́. Ó bì, ọrùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Eegun rẹ̀ ò kán, iyè rẹ̀ ò rá. Níbo la ń gbé ìyẹn lọ?

Mo mọ ohun tí a máa ń ṣe. A kọ́kọ́ máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnìkan á ní ibà ni, ẹnìkan á ní ọfà ni, ẹlòmíràn á fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé, "Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ láàárín òun àti ìyá ọkọ rẹ̀?" Orúkọ tí a bá sì sọ àìsàn ló ń yan ilẹ̀kùn tí a ó kàn: ilẹ̀kùn kẹ́mísìtì, ti orí òkè àdúrà, tàbí ti ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ kí wọ́n wo inú iṣan kí a tó sọ àìsàn orí lórúkọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí ọmọ yẹn lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́, àwọn oníṣègùn sì ti ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà tọ́jú irú iṣan bẹ́ẹ̀ láti ìdí itan, láì fi ọ̀bẹ kan agbárí. Embolisation ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Lórí ètò yìí, a ó máa pè é ní dídí iṣan.

Ká tó débẹ̀, ẹ yọjú lójú fèrèsé, kí ẹ wo òpó iná àdúgbò yín. Wáyà ńlá tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, iná inú rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ gílóòbù yàrá yín. Bó bá wọlé tààrà, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti òrùlé á jọ lọ ni. Ìdí nìyẹn tí tíráńsífọ́mà fi dúró lórígun àdúgbò. Òun ló ń pẹ̀tù sí iná náà nínú kó tó yà sílé onílé.

Bí ti ẹ̀jẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Ọkàn ń fi agbára tì í jáde gba inú iṣan tó nípọn, tó lágbára. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní iṣan àlọ. Iṣan àlọ á pín sí méjì, á pín sí mẹ́rin, títí á fi di iṣan wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Inú àwọn wẹ́wẹ́ yìí ni ẹ̀jẹ̀ ti ń fi ẹ̀sọ̀ rìn, tó ń já oúnjẹ àti atẹ́gùn sílẹ̀ fún ọpọlọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò bọ́ sínú iṣan àbọ̀, èyí tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó rọra dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn. Iṣan wẹ́wẹ́ ni tíráńsífọ́mà orí. Iṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe, torí ọpọlọ tí kò ju ìdá 2 nínú ìdá 100 ìwúwo ara wa, òun nìkan ń gba bí ìdá kan nínú ìdá márùn-ún atẹ́gùn tí ara ń lò.

Àwọn kan wà tí ètò yìí kò rí bẹ́ẹ̀ fún. Níbì kan nínú ọpọlọ wọn, iṣan àlọ lọ so mọ́ iṣan àbọ̀ tààrà, kò sí wẹ́wẹ́ kankan láàárín. Ẹni tó bá ti gbé Mushin rí mọ irú iná bẹ́ẹ̀: èyí tí ẹnìkan gun òpó lóru lọ fà, tí ẹlòmíràn tún fà láti ara tirẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ wá lọ́ mọ́ra bí ìtẹ́ ẹ̀gà. AVM ni àwọn dókítà ń pe irú ìtẹ́ iṣan bẹ́ẹ̀. Kì í ràn, wọn kì í sì í fi oúnjẹ jẹ ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó jọ pé ó ti wà níbẹ̀ kí ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

Wàhálà rẹ̀ pín sí méjì. Iṣan àbọ̀ tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ ń gba agbára tí wọn kò dá mọ́ ọn, ọjọ́ kan ó lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ. Bí kò bá sì bẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ bọ́ àwọn aládùúgbò ń gba ẹ̀bùrú kọjá, ara ọpọlọ tó wà nítòsí kò ní balẹ̀, ó sì lè di warapa. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀fọ́rí tí kì í kúrò lójú kan. Ẹlòmíràn á máa gbọ́ ṣìì-ṣìì létí, tó ń bá ìlù ọkàn rẹ̀ rìn. Nínú 100 ènìyàn tó ní i, bíi 2 sí 4 ló ń bẹ́ fún láàárín ọdún kan. Ẹ lè ní iye yẹn kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń yọ lẹ́nu, ọdún tó sì wà níwájú ọ̀dọ́ kò kéré: ẹni ogún ọdún tó ń retí àádọ́rin, ìgbà 50 ni yóò ta tẹ́tẹ́ náà.

Irú àìsàn iṣan kejì, ẹ ó rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà tòkunbọ̀ ní Ládìpọ̀. Ẹni tó mọ táyà kì í wo ojú rẹ̀ nìkan, á fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ibi tó yọ kókó, á dá a padà fún oníǹkan, torí ohun tó di ibẹ̀ mú nínú ti já, afẹ́fẹ́ ló ń tì í síta. Iṣan àlọ inú ọpọlọ náà máa ń yọ irú kókó bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tó ti yà sí méjì. Aneurysm ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá kó 100 àgbàlagbà jọ, bíi 3 nínú wọn ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn yóò sì lo ayé wọn tán láì mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bó bá wá bẹ́, ohun tó ṣe ọmọbìnrin Lawanson wa yẹn ni: ẹ̀fọ́rí tí irú rẹ̀ kò ṣe é rí, tó dé góńgó kí èèyàn tó ka ọgọ́ta.

Irú kẹta, orí tó gbálẹ̀ ló ń bí i, ọ̀kadà sì ni agbẹ̀bí rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Surulere àti Lagos Mainland láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ni wọ́n fi Mushin kún un. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ mọ bí òfin àti ojú títì ṣe ń bára wọn gbé. Ẹni tó bá fi orí gbálẹ̀, iṣan àlọ tó gba ẹ̀yìn ojú kọjá lè ya, kó máa da ẹ̀jẹ̀ sínú adágún iṣan àbọ̀ tó yí i ká. Lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú á pọ́n, á yọ síta, á máa lù kì-kì-kì bí ọkàn ṣe ń lù, onítọ̀hún á sì máa gbọ́ ariwo bí ẹ̀rọ ìlọta nínú orí ara rẹ̀. Ṣé ẹ mọ orúkọ tí wọ́n á sọ ọ́? Àpólò! Wọ́n á máa kán oògùn àpólò sí i títí ìríran á fi lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, àpólò kì í lù kì-kì. Àpólò kì í tẹ̀lé ọ̀kadà bọ̀ láti ojú títì. Ojú tó bá pọ́n, tó yọ, tó sì ń lù lẹ́yìn tí orí ti gbálẹ̀, iṣan ni kí wọ́n lọ wò.

(Ìlù díẹ̀)

Ẹ kú àdúró o. Ìbéèrè tó kàn ni pé, báwo lẹnìkan ṣe ń rí iṣan tó wà nínú agbárí tí wọn ò là?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, ní ìlú Lisbon nílẹ̀ Potogí, dókítà kan tó ń jẹ́ Egas Moniz da oògùn kan sínú iṣan ọrùn aláìsàn. Ìtànṣán x-ray kì í lè gba inú oògùn náà kọjá. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò, iṣan inú orí yọ lójú fọ́tò bí ẹ̀ka igi tó wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú ènìyàn rí iṣan ọpọlọ kedere lára ẹni tó ṣì ń mí. Nínú oṣù kan náà gan-an ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí ìdílé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ nítòsí Ọ̀yọ́. Ọmọ yẹn ni Látúndé Ọdẹ́kù. Ó kàwé ní Howard ní Washington, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà wálé ní 1962 sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Akéwì tún ni pẹ̀lú.

Ẹ wò ó, nígbà tí Ọdẹ́kù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì sí ẹ̀rọ CT níbì kankan láyé; 1971 ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà ya orí aláìsàn àkọ́kọ́, ní London. Irú fọ́tò Moniz ló wà nílẹ̀. Ọdẹ́kù kú ní 1974, ẹni ọdún 47. Lásìkò rẹ̀, àti fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìṣègùn ni pé kókó iṣan ọpọlọ ṣọ̀wọ́n láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn oníṣègùn tó wá tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà níbí rí i pé ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó ló ṣọ̀wọ́n jù. Ẹni tó kú kí ó tó dé ilé ìwòsàn, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ilé ti sọ ikú rẹ̀ lórúkọ mìíràn.

Rírí nǹkan yàtọ̀ sí títún un ṣe. Ní 1960, ní Washington, oníṣẹ́ abẹ kan, Alfred Luessenhop, àti ẹnìkejì rẹ̀ Spence, ròyìn ohun tí wọ́n ṣe fún ẹnìkan tó ní ìtẹ́ iṣan nínú ọpọlọ. Wọ́n ro ó pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀nà àìtọ́ wà ni ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ lọ, ohun tí a bá dà sínú ẹ̀jẹ̀ náà, ibẹ̀ ni yóò gbé e lọ. Wọ́n la ọrùn, wọ́n ju ọmọ bọ́ọ̀lù kéékèèké sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ sì gbé wọn lọ dí ihò tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà jí ọ̀nà. Olè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ní Moscow, Fyodor Serbinenko wà níbi ayẹyẹ ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1959, ó ń wo àwọn ọmọdé tó so bàlúùnù mọ́ okùn. Ọkàn rẹ̀ ṣí. Ó ṣe bàlúùnù kan tí kò tó hóró erèé sí ẹnu rọ́bà tín-ín-rín, tí wọ́n ń tì wọ inú iṣan, tí wọ́n ń fẹ́ níbi tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n sì ń já sílẹ̀ níbẹ̀. Irú iṣan ẹ̀yìn ojú tó ya, tí àwa ń pè ní àpólò yẹn, wà lára ohun tó fi dí. Ní 1990, ní Los Angeles, Guido Guglielmi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, mú wáyà platinum tó rọ̀ bí òwú wá. Wọ́n á tì í wọ inú kókó, á ká mọ́ra wọn, wọ́n á rán iná kékeré gba inú rẹ̀, á sì já sílẹ̀ níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ yàrá tí wọ́n ti ń dí iṣan lọ, kí ẹ̀rù má baà bà yín bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ fún yín. Wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á ti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ti bèèrè bóyá oyún wà nínú. Wọ́n á kun aláìsàn lóorun. Wọ́n á gún iṣan àlọ tó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn, tàbí èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́, wọ́n á sì ti rọ́bà kan wọlé. Rọ́bà náà á gòkè gba ẹ̀yìn ikùn, á gba àyà, á gba ọrùn. Ó dà bí ẹni tó wọ mọ́tò ní Mile 2, tó ń lọ sí Àkókà, tí kò gbọdọ̀ ṣìnà níkòríta kankan. Fọ́tò x-ray tó ń ṣí lójú tẹlifíṣọ̀n ni ojú ọ̀nà tí dókítà ń wò. Nínú rọ́bà yẹn ni rọ́bà kejì yóò ti jáde, èyí tí kò nípọn tó mílímítà kan, tí yóò wọ inú ọpọlọ lọ.

Bó bá jẹ́ kókó ni, wáyà platinum ni wọ́n á fi kún inú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráàyè wọbẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ìtẹ́ iṣan ni, àtè ni wọ́n ń lò. Mo ní àtè. Àwọn bàbá wa mọ àtè tí a fi ń mú ẹyẹ. Èyí náà, ìtẹ́ ẹyẹ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá súpà gúlúù tí ṣóbàtà fi ń lẹ bàtà. Bó bá ti kan ẹ̀jẹ̀ ló ti dì. Èkejì ń rọra dì láti ẹ̀yìn wá sí inú, wọ́n sì po lúbúlúbú irin mọ́ ọn kí x-ray lè máa rí i.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé ó wá tán síbẹ̀?" Kò tán o. Bí àtè bá sáré kọjá ìtẹ́, tó lọ dí ẹnu ọ̀nà àbọ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wọlé, ìtẹ́ náà lè wú kó sì bẹ́. Bó bá ṣàn padà sẹ́yìn, ó lè dí iṣan rere, kí aláìsàn jí pẹ̀lú rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ìgbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàárín. Fún ìtẹ́ iṣan, àtè nìkan kì í sábà parí iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi dín ẹ̀jẹ̀ kù kí wọ́n tó là á yọ, tàbí kí wọ́n tó dojú ìtànṣán líle kọ ọ́, èyí tó máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta kó tó pa á dé.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kí a fọwọ́ kàn án. Ní 2002, wọ́n gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde tó kó 2,143 aláìsàn tí kókó wọn ti bẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 tí wọ́n fi wáyà dí, bíi 24 ló ti kú tàbí tí kò lè dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Nínú 100 tí wọ́n la agbárí wọn, bíi 31. Wáyà borí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2014, ìwádìí mìíràn lórí ìtẹ́ iṣan tí kò tíì bẹ́ fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi oògùn nìkan tọ́jú ṣe dáadáa, láàárín bí ọdún mẹ́ta, ju àwọn tí wọ́n tọwọ́ bọ ìtẹ́ wọn lọ. Àwọn oníṣègùn ṣì ń bára wọn jiyàn lórí rẹ̀ títí dòní. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé iṣan tó ti bẹ́ kò gba ìfàsẹ́yìn, èyí tí kò tíì bẹ́ gba àròjinlẹ̀. Dókítà tó ní "ẹ jẹ́ ká máa ya fọ́tò rẹ̀ wò lọ́dọọdún" kò lé yín dànù. Ìtọ́jú náà ló ń ṣe.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí iṣan rẹ̀ bá ti bẹ́ ti parí. Ní 1988, kókó méjì ni wọ́n rí lórí iṣan ọpọlọ ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, ọ̀kan ti ń jò. Wọ́n la orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún náà. Ó gbádùn. Ní January 2021, ọkùnrin yẹn, Joe Biden, búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

(Ìlù díẹ̀)

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé. Kí ni kí ẹni tó wà ní Ìtírẹ́, ní Àkókà, ní Ìdí-Òrò ṣe?

Bí ẹ̀fọ́rí bá dé bí ààrá, tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, tí èébì tàbí dídákú tẹ̀lé e, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ pe 112 tàbí 767. Bí mọ́tò ìjọba bá pẹ́, ẹ wá ọkọ̀. Ẹ má fún un ní Alábùkún. Mo mọ̀ pé a ti ń lo Alábùkún láti ayé àwọn ìyá wa àgbà, ẹ̀fọ́rí lásán ni tirẹ̀. Aspirin wà nínú rẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú orí rẹ̀, dídì ẹ̀jẹ̀ ló nílò. Bó bá jẹ́ gìrì tàbí warapa ló gbé e, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ọpọlọ kì í gbọ́ ìjẹ́ ẹsẹ̀. Iná kàn ń fi egbò kún àìsàn ni.

Ní ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà, fọ́tò CT orí ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ní Ìdí-Àràbà, ní LUTH, ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1962, ọdún kan náà tí Ọdẹ́kù padà wálé, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ńlá ló ní yàrá tí wọ́n ti ń dí iṣan, ìnáwó rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, torí òkè òkun ni wáyà àti àtè náà ti ń wá. Nítorí náà ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé iṣan yìí ti bẹ́ àbí kò tíì bẹ́? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀, kí ló sì lè ṣẹlẹ̀ bí a bá tọwọ́ bọ̀ ọ́? Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí, níbo ló wà? Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ètò adójútòfò ìlera, ẹ bèèrè kí ọjọ́ tó pé ohun tí wọ́n máa san àti ohun tí wọn ò ní san.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀rọ̀ yín dá dúró. Àìsàn náà máa ń fún iṣan ọpọlọ ọmọdé pọ̀, ó ń fa rọpárọsẹ̀, ó sì lè jẹ́ kí kókó yọ. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀bátí ọmọ láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú orí rẹ̀. Kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ìrora. Láti ọmọ ọdún 2 títí di 16, ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa ṣe é. Àjọ tó ń rí sí àìsàn SS nílẹ̀ wa ní ilé iṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà níbẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n.

Ohun kan kù kí n tó yọwọ́. Kókó iṣan máa ń rìn nínú ẹbí. Bí ó bá ti ṣe ẹni méjì nínú òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá, àwọn oníṣègùn máa ń gba àwọn tó kù nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ ya fọ́tò orí. Àmọ́ báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti ṣe wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni a fi sin wọ́n?

Nítorí náà, lálẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jókòó ti ìyá yín, ti ẹ̀gbọ́n bàbá yín, ti ẹnikẹ́ni tó bá ṣì mọ ìtàn ilé. Ẹ bèèrè nípa ọmọ ìyá wọn tó sùn tí kò jí. Ẹ bèèrè nípa ẹni tó ní "orí mi o" lọ́jà, tó sì ṣubú. Wọ́n á fẹ́ sọ ẹni tó ṣe é fún yín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá bi wọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Màámi, báwo gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"